Ẹ Dákun, Ẹ Yé Fọ Owó Àtijọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Tà Á àti Àwọn Tó Jogún Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi tí ẹ pàtẹ owó àtijọ́ lọ́jà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń rà á kiri lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣí àpótí ìyá àgbà tí ẹ bá kọ́bọ̀ oníhò nísàlẹ̀ aṣọ,

 

Oníbàárà yín ni mí. Èmi ni mo máa ń dúró pẹ́ nídìí àtẹ, tí mo máa ń fi awò kékeré sójú kan, tí ẹ ó sì rí i pé mo gbé sílè tó ń kọ mànà sílẹ̀, tí mo wá lọ ń tú ike tí ẹ da àwọn dúdú sí lábẹ́ tábìlì. Àwọn kan nínú yín ti fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kan tilẹ̀ bi mí bóyá ojú ń dùn mí. Ó ní láti àárọ̀ ni òun ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó àwọn owó náà nítorí irú èmi, èmi ni mo tún wá ń wá èyí tó dọ̀tí. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ráyè dá a lóhùn. Èsì mi rèé. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ohun tí ẹ̀gbọ́n yẹn ń ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe, òun náà sì ni àwọn tó jogún owó ń ṣe nínú ilé kí wọ́n tó gbé e tọ̀ yín wá.

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Owó tí a bá ti fọ̀ kì í níye lórí mọ́ bí èyí tí a kò fọ̀, àdánù náà sì máa ń pọ̀ jùlọ lára owó tó dára jùlọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í mọ síbẹ̀, ẹ ó ní fàájì àwọn Òyìnbó lásán ni, pé ta ni kò mọ̀ pé ohun tó mọ́ sàn ju ohun tó dọ̀tí lọ. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú u láti orí sílè. Kí ọdún 1912 tó dé, owó fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n ń ná ní Èkó. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, ló ń kó o wọlé nínú ọkọ̀ ojú omi, ìdí nìyí tí ẹ fi ń bá owó olórí Fikitóríà pàdé nínú àpótí àwọn ìdílé kan títí di òní. Ní 1912 ni wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ láti máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tó di 1913, sílè tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn jáde, pẹ̀lú sílè méjì, sísì àti tọ́rọ́. Fàdákà gidi ni wọ́n, ìpín 92.5 nínú 100. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà gbówó lórí gan-an. Lọ́ńdọ̀nù dín fàdákà inú owó tirẹ̀ kù sí ìdajì ní 1920. Ní tiwa, wọ́n sọ ọ́ di idẹ. Ẹ ti rí i lórí àtẹ yín fúnra yín: orí ọba kan náà, igi ọ̀pẹ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan funfun, èkejì pupa rúsúrúsú. Ẹni tó bá mọ̀ yóò kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Láti 1913 sí 1920 nìkan ni ti fàdákà, àwọn ti 1920 sì pín sí méjì.

Mo rí ọ̀kan nínú àwọn ti fàdákà yẹn lórí àtẹ láìpẹ́ yìí. Ti 1913 ni, ó ní H kékeré tó ń fi hàn pé ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́. Mo kọ́kọ́ wo adé orí ọba George Karùn-ún. Àwọn òkúta iyebíye ara adé náà ṣì dá yàtọ̀ síra wọn. Mo yí i padà, imọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá yọ sókè jùlọ lára owó ni ọwọ́ àti àpò máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ibẹ̀ bá ṣì pé, owó náà kò rìn púpọ̀. Ó jọ pé ẹnìkan gba sílè yìí nígbà tó ṣì tuntun, ó fi pamọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì fi pamọ́. Mo wá tẹ̀ ẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀. Láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba lọ dé etí owó, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, ibi tí ọwọ́ tó mú kànrìnkàn ń lọ. Ìlà náà kò dé ìdí àwọn lẹ́tà, nítorí kànrìnkàn kò lè wọ kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ohun funfun kan ló gbẹ mọ́ ìdí lẹ́tà ní tirẹ̀: ìyókù ọṣẹ ìfọyín. Owó tí ẹni tó ń tà á pè lé e ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé ó mọ́. Mo dá a padà sórí àtẹ, mo dúpẹ́, mo kọjá.

Kò jẹ́ pé mo ń ṣe fínnífínní. Àwọn tó ń kó owó jọ káàkiri ayé ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn owó. Ní 1949, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Sheldon, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún àwọn owó bàbà àtijọ́ ìlú rẹ̀, láti orí 1 dé orí 70. Èrò rẹ̀ ni pé èyí tó bá gba 70 níye lórí ní ìlọ́po 70 èyí tó gba 1. Ọjà kò gbọ́ tirẹ̀, ìṣirò náà ṣákìí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà fìdí múlẹ̀. Òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò owó, PCGS tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1986 àti NGC tó tẹ̀ lé e ní 1987 ń lò títí dòní. O fi owó ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní máàkì, wọ́n sì dè é mọ́ inú ike líle tí a kò lè ṣí láìfọ́ ọ. Láti 60 sókè ni owó tí ẹnikẹ́ni kò ná rí. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti fọ owó náà nífọ̀kufọ̀, wọn kì í fún un ní máàkì. Wọ́n á kàn kọ ọ́ sára ike pé ojúlówó ni, wọ́n á sọ bí àwòrán ara rẹ̀ ṣe pé tó, wọ́n á sì fi kún un pé a ti fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá rí àkọlé yẹn yóò gé owó tí ì bá san kúrú. Àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ lo nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kan fífọ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń já sí.

Kí ló wá fà á? Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe ń rọ owó. Wọ́n á gbé irin pẹrẹsẹ sáàárín òǹtẹ̀ méjì, òǹtẹ̀ òkè á sì já lù ú pẹ̀lú agbára ńlá. Irin náà á sún lójijì láti àárín lọ sí etí kó lè kún inú àwòrán òǹtẹ̀. Bó ṣe ń sún ló ń fi ìlà wínníwínní sílẹ̀ lójú owó, ìlà tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ìlà yìí ló ń da ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà àrà. Ẹ mú owó tuntun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ pa, ẹ rọra máa yí i lábẹ́ gílóòbù iná. Ẹ ó rí i tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sáré yí po lójú rẹ̀ bí ìgbà tí sípóòkù kẹ̀kẹ́ ń yí. Ohun tí olùkówójọ ń fi awò wá nìyẹn. Ìgbà kan ṣoṣo ni owó ń gbà á, ọjọ́ tí òǹtẹ̀ bà lé e. Bí kànrìnkàn bá ti ha á kúrò, tàbí tí ásíìdì ti jẹ ẹ́, owó náà lè máa dán, ṣùgbọ́n dídán tí kò lọ síbì kan ni, ìmọ́lẹ̀ á kàn jókòó lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan kì í ṣi wọ́n mú mọ́.

Dúdú tí ẹ ń lé kiri lára fàdákà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó ní imí-ọjọ́ ló ń fa ìyẹn, ó sì pọ̀ nínú ilé wa: èéfín ààrò, èéfín jẹnẹrétọ̀, àní rọ́bà tí ẹ fi ń di owó pọ̀ gan-an ní imí-ọjọ́ nínú. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á di elésè àlùkò, á di búlúù, kó tó wá dúdú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń fi owó kún owó fún fàdákà tí àwọ̀ rẹ̀ bá rẹwà, débi pé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti wà tó ń fi imí-ọjọ́ pa owó láró lọ́wọ́ ara wọn láti fi tan ènìyàn jẹ. Lábẹ́ dúdú yẹn, bí kò bá tíì nípọn jù, àwọn ìlà tí mo sọ ṣì wà níbẹ̀. Ó dúdú, kò bàjẹ́. Èyí tí ẹ fọ̀ ló mọ́ tó sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ àwọn ohun tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́, nítorí iṣẹ́ ibi wọn kò dọ́gba.

Ọṣẹ ìfọyín, eérú, iyanrìn, ewé ìpín àti Brasso, ìdílé kan náà ni wọ́n: gbogbo wọn ló ń ha irin. Eyín le ju fàdákà lọ, ohun tí eyín lè gbà mọ́ra kò yẹ ojú sílè. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan ní tiwọn ń jẹ irin. Lára idẹ ni ẹ ti máa rí iṣẹ́ ọsàn dáadáa: ó ń fa síńkì jáde nínú idẹ náà, bàbà nìkan á wá ṣẹ́kù lókè, owó á pupa bí ẹni tí oòrùn bó lára. Mo ti rí sílè 1938 tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn mọ́jú. Idẹ ni, ó yẹ kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọ̀ tó ní lọ́jọ́ yẹn kò sí lára owó kankan tí wọ́n rọ rí.

Ti onínì, owó kékeré oníhò yẹn, ló dùn mí jù. Onínì àkọ́kọ́, ti 1907 àti 1908, alumíníọ́ọ̀mù ni, irin kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò fúlẹ́fúlẹ́, wọ́n sì kọ NIGERIA–BRITISH WEST AFRICA sára rẹ̀. Kò ní ọba lójú, nítorí ihò àárín rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún orí ẹnikẹ́ni: adé ló wà ní òkè ihò níhà kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yí ihò náà ká níhà kejì. Ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa kò bá alumíníọ́ọ̀mù mu, ó ń jẹrà, kò pẹ́ tí wọ́n fi lọ mú irin funfun tó le jù ú lọ, àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, àwọn ti alumíníọ́ọ̀mù tó ṣì dára kò pọ̀. Omi eérú ni kí ẹ má tilẹ̀ dá a dábàá lára èyí. Alumíníọ́ọ̀mù kì í fara da omi eérú rárá, ẹ ó máa rí i tó ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, owó yín ló ń yòrò yẹn. Kí ẹ tó fi omi ṣàn án, àwọn lẹ́tà ara rẹ̀ á ti máa dùbúlẹ̀.

Kọ́bọ̀ àti éépìnnì funfun kì í fún ni ní wàhálà púpọ̀. Wọn kì í dúdú bí fàdákà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbà pupa tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Láti 1952 ni kọ́bọ̀ oníhò ti di pupa, ti 1959 tí orúkọ Nàìjíríà wà lára rẹ̀ náà pupa, kọ́bọ̀ tó bá náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, èyí tó ní òpó ìwa-epo lára, òun náà pupa. Bàbà tuntun máa ń pọ́n dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, nígbẹ̀yìn á di àwọ̀ obì gbígbẹ. Àwọn tó ń yẹ owó wò ń pín in sí mẹ́ta: èyí tó ṣì pọ́n, èyí tó wà láàárín, èyí tó ti ṣú. Èyí tó ṣì pọ́n ló gbówó lórí jùlọ. Ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn: wọ́n á ní bí pupa bá gbówó lórí, ẹ jẹ́ ká bó èyí tó ṣú kó lè pupa. Pupa ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í padà. Ohun tí ẹ máa rí ni awọ tuntun tó rí bí ojú egbò, láìpẹ́ yóò sì ṣú padà, ṣíṣú òjìji tó ní àbààwọ́n káàkiri.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní ẹni tó ń wá owó dúdú kò ju ìwọ̀nba lọ, pé àlejò tó wá ra nǹkan ìrántí, ẹni tó fẹ́ fi sọ́rùn ọmọ, ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, èyí tó ń dán ni gbogbo wọn ń ná. Òótọ́ ni. Sílè idẹ ti àsìkò ogun Hitler, tí ọwọ́ ti jẹ títí tí orí ọba fi di pẹrẹsẹ, bí ẹ bá fẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ fún àlejò. Ó pọ̀ ju iye lọ, kò sì ní ìlà kankan tó ṣẹ́kù lójú rẹ̀ tí kànrìnkàn fẹ́ pa. N kò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ìjà mi ni pé ẹ kì í yà á sọ́tọ̀. Inú bàsíà kan náà ni ẹ ń da gbogbo rẹ̀ sí, sílè 1913 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn àti sílè 1947 tó ti gba ọwọ́ gbogbo ọjà kọjá. Nínú bàsíà yẹn, èyí tó ti gbó kò pàdánù nǹkan kan. Èyí tí ìdílé kan fi pamọ́ fún àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jáde níbẹ̀ tí kò yàtọ̀ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Owó yín ni ẹ dànù, ẹ kò kàn rí i nígbà tó ń ṣàn lọ ni.

Ẹ tún lè ní àwọn Òyìnbó náà ń fọ̀ ọ́. Èyí náà jẹ́ òótọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ fàdákà Amẹ́ríkà tó ń dán nínú ike PCGS ni wọ́n ti rì sínú omi ásíìdì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló ń ṣe é, kò ní fi ohunkóhun ha á, lẹ́ẹ̀kan ni, á fi omi ṣàn án kíákíá. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rì í bọ̀ ọ́ ló ń bó awọ díẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n bá rì nírìkurì á rí bí òkú ìmọ́lẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ náà á sì dá a padà láìní máàkì. Bákan náà, owó Róòmù àtijọ́ tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀, kò sí bí wọn kò ṣe ní fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ọba tó wà lára rẹ̀. Ọjà ti gba ìyẹn wọlé. Ṣùgbọ́n sílè inú àpótí ìyá àgbà kò sùn nínú ilẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún. A mọ ọba tó wà lára rẹ̀.

Bí ìdọ̀tí gidi bá wà lára owó ńkọ́, iyẹ̀pẹ̀, gọ́ọ̀mù, ọ̀rá? Ohun tó ṣeé ṣe kò pọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí kò ní iyọ̀ tàbí kẹ́míkà kankan, irú èyí tí àwọn rẹwáyà ń bù kún bátìrì mọ́tò (omi mímọ́ rẹ̀ ni mo ń sọ, kì í ṣe ásíìdì bátìrì o, ẹ béèrè kẹ́ẹ tó rà á). Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ omi náà, ẹ gbé e sórí aṣọ fẹ́lẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má nù ún, ẹ má fi aṣọ ra á. Gọ́ọ̀mù àti ọ̀rá máa ń gbọ́ ti acetone, tí kì í bá fàdákà tàbí bàbà jà. Ojúlówó acetone ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nítorí wọ́n ti po òróró àti òórùn dídùn mọ́ ìyẹn. Inú gíláàsì ni kí ẹ ti lò ó, níta gbangba, kí iná má sì sí nítòsí rárá. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ lára owó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ike rírọ̀ tí ẹ kó o sí ló yọ́ sí i lára. Acetone lè mú ìyẹn kúrò bí kò bá tíì pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára bàbà, tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n kúrò tí ó tún hù padà, iyọ̀ ló ti wọ inú irin yẹn, ó sì wọ́pọ̀ létí òkun. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ẹ má dá a tọ́jú fúnra yín.

Ibi tí ẹ ń kó wọn sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ gba owó mú létí, kí ìka má kan ojú rẹ̀, nítorí òógùn ọwọ́ wà lára irin pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ yé fi rọ́bà dì í. Àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ sí pé kí ẹ má jẹ, ẹ máa ju u sínú àpótí owó yín, ó ń fa ọ̀rinrin.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ jogún owó. Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni wò, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má nù ún, ẹ má sì tú u kúrò lórí okùn bí ẹ bá bá a lórí okùn. Okùn ni àwọn àgbà fi ń sin kọ́bọ̀ oníhò kó má baà sọnù, okùn náà jẹ́ ẹ̀rí bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá wà nínú ìwé, inú agolo tábà tàbí inú ìkòkò, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ wá pa pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mílíọ̀nù tàn yín. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ olóògbé pé kọ́bọ̀ 1936 tó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tó fi adé sílẹ̀ kí wọ́n tó dé e, lè kọ́lé. Òótọ́ ni pé ọba náà kò pẹ́ lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n rọ kọ́bọ̀ yẹn lọ súà fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó wà káàkiri, kò sì gbówó lórí. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù kí òun tó bá yín ra kọ́bọ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ máa pè é. Ọ̀pọ̀ owó inú àpótí kò ju iye oúnjẹ ọjọ́ kan lọ. Díẹ̀ ló dára gan-an, àwọn díẹ̀ yẹn ni mo ń tìtorí wọn bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí yín rèé. Ẹ jẹ́ kí àtẹ di méjì: èyí tí ẹ ti fọ̀ níhà kan, èyí tí ẹ kò fọ̀ níhà kejì, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Ẹni tó fẹ́ èyí tó ń dán á mọ ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá ra owó lọ́wọ́ ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀ bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́ rí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Olùkówójọ kì í bínú sí ẹni tó sọ pé òun kò mọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá gbé bàsíà àti ọsàn dé, ẹ kọ́kọ́ ní kó ṣa gbogbo ohun tí ọdún ara rẹ̀ wà láàárín 1913 sí 1920 kúrò, kó ṣa onínì alumíníọ́ọ̀mù kúrò, kó sì ṣa ohunkóhun tí adé orí ọba rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ìyókù, ọwọ́ yín ló wà.

Ní tèmi, ibi tí mo máa ń dúró sí náà ni n óò máa dúró. Bí ẹ bá ní sílè ọ̀pẹ fàdákà tí kànrìnkàn kò kàn rí, bó ti wù kó dúdú tó, ẹ pè mí wá sẹ́yìn tábìlì. N kò ní torí dúdú rẹ̀ ná an wálẹ̀. Iye tí ẹ ń pè lé èyí tó ń kọ mànà ni n óò kọ́kọ́ fi lé e, lẹ́yìn náà ni a ó tó bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà, láti ibẹ̀ lọ sókè.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà aláwò ojú kan